Gbólóhùn Kejì Lórí Káàdì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ẹlẹ́sọ̀ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, irọ́ ló pa. Ó gbọ́ ọ débi pé ó ti fi bá àwọn oníná jà lórí fóònù rí, títí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló há a lọ́fun, “pass away,” kì í sì í ṣe pé kò mọ ìtumọ̀ wọn. Ó mọ̀ ọ́n délẹ̀délẹ̀, síbẹ̀ odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ ọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ta ni inú ò ní í bí?

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé alájà méjì kan tó ń rùn fún ọṣẹ àti oògùn láti ẹnu ọ̀nà wọlé. Ọdún mẹ́fà ló fi wà ní yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀, tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn èèyàn tí kò mọ ojú wọn. Ó mọ ẹni tó ń tọ̀ sórí ibùsùn, ó mọ ẹni tó ń da tíì sára, àbàwọ́n ara aṣọ ló fi dá wọn mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e gòkè sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kó máa ṣe olùtọ́jú fún oṣù mẹ́fà ná, bó bá mọ̀ ọ́n ṣe, kó jókòó síbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe o. Bó bá ń gbé arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, “ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀” ni yóò máa wí, arúgbó náà á sì máa bá a wí i. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ẹlẹ́sọ̀ sì gbà wọ́n gbọ́ títí dọjọ́ tó fi ẹ̀sọ̀ gbé fóònù.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ìyá kan wà ní yàrá kẹta, tíṣà ni nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀, ìka ọwọ́ olùtọ́jú ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò bóyá ó mọ́ kó tó jẹ́ kó fọwọ́ kan òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ìyá náà sùn, kò jí mọ́. Ọ̀gá tó ń darí ilé náà ò sí nítòsí, nọ́ọ̀sì sì ń kọ ìwé lọ́dọ̀ dókítà, ló bá kan Ẹlẹ́sọ̀ láti pe ọmọ ìyá náà obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n fi máa pe ẹbí, torí oríṣiríṣi èèyàn ló kó ìyá àti bàbá wọn wá síbẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀ gbé fóònù. Ó kí ọmọ náà dáadáa. Ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó bi í ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́rán, pé ara Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ yá, kó máa bọ̀.

Ta ni nínú wa tí kò mọ ìyẹn? Bí wọ́n bá pe èèyàn wa kan níbi iṣẹ́, tí wọ́n ní, “Wọ́n ní kóo máa bọ̀ nílé o, ara Bàbá ò yá díẹ̀,” ṣé yóò máa béèrè bóyá ibà ni? Àyà rẹ̀ ti já kó tó sọ fóònù kalẹ̀. Yóò máa lọ, bó sì ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ náà á máa wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá máa délé, tó bá bàtà jìngbìnnì lẹ́nu ọ̀nà, tí àgbà méjì dìde láti fún un ní ìjókòó, kò tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ. Bí a ṣe ń túfọ̀ fún ẹni tí a fẹ́ràn nìyẹn. A kì í la òkú mọ́ èèyàn lórí.

Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá yẹn kì í ṣe èèyàn wa. Ohun tí wọ́n wí fún un ló gbọ́. Wọ́n ní ara ìyá òun ò yá, òun náà wá rò ó pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tutù, ló bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ ra bàtà inú ilé tó ní òwú nínú. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ló tó dé. Ó gbé bàtà dání, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lójú ọ̀nà wọ́ọ̀dù, Ẹlẹ́sọ̀ sì dúró síwájú yàrá kẹta pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn bí àgbà tó fẹ́ fún èèyàn ní ìjókòó.

Ọmọ náà ò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo ni, à bá rí ohun tí a ó fi pẹ̀ ẹ́. Ó jókòó, ó gbé bàtà lé itan, ó ní, “Màmá mi ti lọ, èmi sì dúró sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń yan àwọ̀.” Ó tún un wí lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, bí Ẹlẹ́sọ̀ bá ti rí bàtà inú ilé, ìtìjú á gbá a mú. Ó mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Ẹ má ṣe rò pé kò mọ̀.

Ọ̀gá ilé náà pè é sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Èèyàn wa ni Ọ̀gá, obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó máa ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ẹni so kọ́kọ́rọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò purọ́ fún un,” ni Ẹlẹ́sọ̀ kọ́kọ́ sọ.

“Ta ló ní o purọ́? Èmi náà, bí wọ́n ṣe sọ ti bàbá mi fún mi nìyẹn. Wọ́n ní ó ń pè mí. Òkú ọjọ́ méjì ló ń pè mí! Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibí kì í ṣe agboolé bàbá ẹnikẹ́ni, o gbọ́? Ọmọ yẹn ti kọ̀wé ẹ̀sùn.”

Ó ti káàdì kékeré kan sójú tábìlì. Gbólóhùn mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Àkọ́kọ́ ní kí olùtọ́jú sọ orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti ń pè. Ìkejì ni, “I am sorry. Your mother has passed away,” tàbí “father,” bó bá ṣe jẹ́. Ìkẹta ní kó dákẹ́, kó jẹ́ kí ẹni náà sọ̀rọ̀.

“Kò gbọdọ̀ ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ kó o tó dé gbólóhùn kejì,” ni Ọ̀gá wí. “Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo gbà fún ẹ. Lójoojúmọ́ iṣẹ́, bí aago bá ti lu méjì, wá síbí, èmi á ṣe ẹbí, ìwọ á pè mí. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó ò lè sọ ọ́, wàá padà sí yàrá ìfọṣọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ kò lè ṣe olùtọ́jú.”

Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Ẹlẹ́sọ̀ ni, “Aago méjì kẹ̀, mà? Bàbá Onígbàjámọ̀ ńkọ́?”

“Kí ló ṣe é?”

“Mo máa ń jókòó tì wọ́n ní aago méjì.”

“Gbogbo wọn ló ń sùn ní aago méjì. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn.”

“Bàbá kì í sùn, mà.”

“Yóò sùn,” ni Ọ̀gá wí, ó sì fa fáìlì mìíràn sọ́dọ̀.

Bàbá yìí ló wà ní yàrá karùn-ún. Onígbàjámọ̀ ni, àádọ́ta ọdún ló fi gẹ irun orí ẹlòmíràn, títí di òní kò sí ẹni tó wọlé tí kò ní í kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn etí rẹ̀ kó tó kí i. “Ta ló fi abẹ́ ya ọ́ báyìí?” ni ìkíni tirẹ̀. Ọ̀sán ni ìṣòro rẹ̀. Bí oòrùn bá ti kan ògiri kejì, tí wọ́ọ̀dù pa rọ́rọ́, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á pé bí òun bá dijú, òun ò ní í là á mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ìrònú lásán ni. Ẹlẹ́sọ̀ ò bá a jiyàn. Yóò gbé àga súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì, bàbá á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn á máa tú àṣírí orí àwọn olówó tí bàbá ti gẹ̀ rí, títí aago mẹ́ta fi máa lù, tí tíì á fi dé. Kò sí nínú ìwé iṣẹ́ kankan pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lójú ìwé, kò ṣe nǹkan kan.

Nílé, ó gbé káàdì náà fún ọkọ rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí títí wọ inú àlá.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ gbà mí. Ẹ ṣe bí ẹni tí mo pè, kí n sọ fún yín pé bàbá yín ti…”

“Dákẹ́!” Ọkọ dìde dúró, ó fọwọ́ yí orí rẹ̀ po, ó ju aburú náà dànù sẹ́yìn. “Bàbá mi tó jẹun láàárọ̀ yìí! Ta lo fẹ́ pa?”

“Eré ni.”

“Irú eré wo nìyẹn? Ẹyin lohùn o, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Pe ẹlòmíràn.”

“Ta ni kí n pè? Ta ni kò ní bàbá?”

Ọkọ ronú sí i. Ó gbé àga kan tó ń tún ṣe síwájú rẹ̀. “Òun nìyí. Bá a sọ̀rọ̀. Sọ fún un pé tábìlì tó bí i ti ṣe bẹ́ẹ̀.”

Ẹlẹ́sọ̀ káwọ́ sẹ́yìn, ó wo àga lójú, ó sì sọ gbólóhùn kejì fún un geere, láìsí ìkọsẹ̀ kankan. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ ní òun ò tiẹ̀ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ibi tó dé.

“‘Pass,’ ṣe bí kọjá ni?”

“Kọjá ni.”

“‘Away’ wá ńkọ́?”

“Lọ, jìnnà, kúrò níhìn-ín.”

“Bí a bá wá fa ‘away’ yọ?”

“Á jẹ́ pé ó kàn ń kọjá. Bó bá jẹ́ ‘pass by,’ ó gba iwájú ilé kọjá, ó tiẹ̀ lè kí yín. ‘Pass out,’ ó dákú, a ó da omi sí i lórí, á jí.”

“Àwọn elédè yìí! Ọ̀rọ̀ pàǹtírí kan báyìí lẹ́yìn, wọ́n ti sọ èèyàn di olóògbé.”

“Àwa náà ńkọ́? A ní ‘ó lọ,’ ó lọ sọ́jà ni. A ní ‘ó ti lọ,’ kí gbogbo ilé bú sẹ́kún.”

Ẹ rí i pé ó mọ̀ ọ́n. Ó tiẹ̀ mọ ohun tí Ọ̀gá ò sọ, pé àwọn elédè náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí gbóná, ìdí tí wọ́n fi fi aṣọ bò ó nìyẹn. Aṣọ ẹyọ kan ni tiwọn, àwa bo tiwa ní mẹ́fà. Ó papòdà. Ó ṣaláìsí. Ó dágbére fáyé. Ó re ibi àgbà ń rè. Bí wọ́n bá ní kí Ẹlẹ́sọ̀ kọ wọ́n sílẹ̀, á kún ìwé. Kí wá ló dé tó jẹ́ pé ẹni tó ní aṣọ púpọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní bí a ṣe ń wọṣọ?

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kì í ṣe àga. Ní ọjọ́ kìíní ní ọ́fíìsì, Ọ̀gá kọjú sí ògiri, ó fi fóònù tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ sétí, ó ní, “Hẹlóò?” Ẹlẹ́sọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí ewú tó yọ lábẹ́ gèlè. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ibi tó ti ń pè, ó sì ní kí Ọ̀gá jọ̀ọ́, kó jókòó.

“Mo ti jókòó. Tún un ṣe.”

Ó tún un ṣe. Ó bi Ọ̀gá bóyá ẹnìkan wà nítòsí rẹ̀.

“Tún un ṣe.”

Ní ọjọ́ kejì, ó ní bàbá ṣàìsàn díẹ̀ lánàá. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní àwọn dókítà gbìyànjú gidi. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbàdúrà. Àdúrà yẹn dára, ó gùn, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣe àmín kó tó rántí. “Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀!” ló pariwo, ó ń na aago ọwọ́ rẹ̀ sí i. “Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ rèé, mi ò tíì mọ ẹni tó kú!”

“Mà, ọ̀rọ̀ yẹn wúwo lẹ́nu mi.”

“Kì í ṣe ẹnu ẹ la ń wò! Etí ẹni tó ń gbọ́ là ń wò.”

Òótọ́ ni. Ohun tó ń bí Ẹlẹ́sọ̀ nínú jù nìyẹn, pé obìnrin yìí jàre, síbẹ̀ ahọ́n òun ò gbọ́ràn. Bó bá dé orí “your father,” ọkàn rẹ̀ á ti sáré lọ sọ́dọ̀ bàbá Ọ̀gá, bàbá ọkọ rẹ̀, bàbá gbogbo ayé, yóò sì dà bí ẹni pé òun ló ń fi ọwọ́ ara òun ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó máa ń kúrò ní ọ́fíìsì pẹ̀lú orí fífọ́. Yóò ti pé aago mẹ́ta. Yóò bá Bàbá Onígbàjámọ̀ nídìí fèrèsé, ojú rẹ̀ á pọ́n, tíì rẹ̀ á sì ti tutù.

“O ti pa mí tì,” ni bàbá wí ní ọjọ́ karùn-ún.

“Mi ò pa yín tì, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ mi.” Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìbínú, bó ṣe ń tún ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

“Fi mí kọ́ ọ,” ló wí. “Èmi ló kàn, àbí? Wò mí lójú. Pe ọmọ mi.”

“Ká má rí i! Ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó.”

“Mo ti pé ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Níbo ni mo tún fẹ́ darúgbó dé?” Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. “Ọmọ mi yẹn, nígbà tó wà ní kékeré, bí mo bá ń gẹ irun rẹ̀ tí mo ń fi abẹ́ ṣeré ká a lórí, ẹkún ló máa ń sun. Bí mo bá gẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní í mira. Sọ ọ́ fún un gbọnrangandan.”

“Bàbá, ẹ mu tíì yín.”

“Ó tutù,” ni bàbá wí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ò sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹlẹ́sọ̀ bẹ Ọ̀gá kó sún ìdánrawò sí aago mẹ́ta. Ọ̀gá ní ìpàdé lòun máa ń ní ní aago mẹ́ta. Ó bẹ nọ́ọ̀sì kó máa bá òun jókòó ti bàbá. Nọ́ọ̀sì ní ẹni mẹ́rìnlá ló wà lọ́rùn òun, èwo ni kí òun jókòó tì, èwo ni kí òun dúró tì? Nílé, ó sọ gbólóhùn kejì fún àga, fún ilẹ̀kùn, fún àpótí aṣọ. Gbogbo igi inú ilé ló di ọmọ òrukàn. Ọkọ rẹ̀ ní bó bá ń bá a lọ báyìí, kò ní í sí oníbàárà tó máa fẹ́ ra nǹkan òun mọ́.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ẹtì, tí í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn, ó yà sí yàrá karùn-ún kó tó lọ. Bàbá ń mí gúlegúle. Ọwọ́ rẹ̀ tutù díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì di ọrùn ọwọ́ Ẹlẹ́sọ̀ mú ṣinṣin, kò sọ nǹkan kan nípa irun ẹnikẹ́ni.

“Mò ń bọ̀, Bàbá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí.”

Bàbá ò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀ ló tú ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà, nọ́ọ̀sì ní òun á yọjú. Ó dé ọ́fíìsì, ó sọ fún Ọ̀gá.

“Mà, ara Bàbá Onígbàjámọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá.”

Ọ̀gá yọ gíláàsì. “Ṣé bó ṣe máa ń ṣe lọ́sàn-án náà nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n…”

“Ṣé nọ́ọ̀sì mọ̀?”

“Ó mọ̀, mà.”

“Ó dáa náà. Ọjọ́ ìkẹyìn rèé. Jẹ́ ká ṣe é ká parí ẹ̀. Mi ò fẹ́ dá ẹ padà sísàlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ ni. Hẹlóò?”

Ẹlẹ́sọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó kọsẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó ní “I am sorry” lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró síbẹ̀ bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, ó kọjá. Ó ní kí òun lọ wo bàbá ná, kí òun padà wá. Ọ̀gá ní bó bá jáde, ọkàn rẹ̀ á tú, wọn á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ náà. Aago lu ààbọ̀. Orí Ẹlẹ́sọ̀ gbóná. Ó kórìíra káàdì, ó kórìíra fóònù, ó kórìíra ẹnu ara rẹ̀ tí kì í ṣẹnu mọ́, tó ti di ilẹ̀kùn tí ọ̀rinrin mú. Nígbà tó tó ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́ta, inú bí i débi pé kò ro ti bàbá ẹnikẹ́ni mọ́. Ó dárúkọ ara rẹ̀. Ó dárúkọ ilé náà. Ó ní, “I am sorry. Your father has passed away.” Ó sì dákẹ́.

Ọ̀gá yíjú padà láti ara ògiri. Ó pàtẹ́wọ́, tayọ̀tayọ̀, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. “O rí i? O rí i pé o lè sọ ọ́! Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá!”

Ẹlẹ́sọ̀ ti ń dìde kó máa lọ sí yàrá karùn-ún. Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn. Kò kan ilẹ̀kùn. Ojú Ọ̀gá ló ń wò, kò wo ti Ẹlẹ́sọ̀.

“Yàrá karùn-ún, mà,” ló wí. “Ìgbà tí mo máa yọjú…” Kò parí rẹ̀. Kò sì nílò kó parí rẹ̀, èèyàn wa ni òun náà.

Gbogbo wọn jọ sáré lọ. Bàbá kọjú sí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí àga tí Ẹlẹ́sọ̀ máa ń jókòó lé, ìka rẹ̀ ká bí ẹni di nǹkan mú. Dókítà dé, ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, ó kọ aago sílẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀ bò ó láṣọ títí dé àyà, “ẹ̀sọ̀, ẹ̀sọ̀,” kò sí ẹni tó bá a wí i. Ó fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá. Ìbínú ló gba gbogbo àyè.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá jókòó, ó ti fóònù sọ́dọ̀ Ẹlẹ́sọ̀. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

“Ìwọ ni kó o pe ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó le. Ṣùgbọ́n bó o bá pè é dáadáa, mi ò tún ní í béèrè ìdánwò kankan lọ́wọ́ ẹ. Wọ́ọ̀dù di tìẹ lónìí.” Ó fa ìwé tí wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ Ẹlẹ́sọ̀ wò síwájú, ó ṣí bírò.

Ẹlẹ́sọ̀ tẹ nọ́ńbà náà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin. Ohùn ọkùnrin kan gbé e, ohùn ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́sọ̀ dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ilé náà. Kò bi í bóyá ó ti jẹun. Ó sọ gbólóhùn kejì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, kò fi ọ̀kan kún un, kò yọ ọ̀kan. Ọ̀gá mi orí sí i, ó sì fi bírò sàmì sínú àpótí kékeré kan lójú ìwé náà.

Ọkùnrin náà dúpẹ́. Ó ní inú òun dùn pé Ẹlẹ́sọ̀ ò lọ́ ọ kiri, bí bàbá òun náà ṣe rí nìyẹn, kì í lọ́ ọ̀rọ̀ kiri. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí kò sí lórí káàdì.

“Ọ̀sán máa ń bà wọ́n lẹ́rù,” ló wí. “Wọ́n sọ fún mi pé ẹnìkan máa ń jókòó tì wọ́n. Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?”

Ọ̀gá gbọ́ ọ, torí fóònù náà máa ń pariwo síta. Ó gbé ojú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, kíákíá kíákíá, ó sì ń fi ètè nìkan sọ ọ́ láìjẹ́ kó dún, lédè ilé, pé: Sọ pé a wà níbẹ̀. Sọ pé gbogbo wa la wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn ì bá sọ ọ́ nílé. Ẹlẹ́sọ̀ náà ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo ọkàn rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní í pè é ní irọ́. Ó wo Ọ̀gá lójú.

“Kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wọn,” ló wí sínú fóònù. “Èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì ni mo wà, wọ́n ń kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín.”